Bí Ẹ Ṣe Lè So Ẹ̀rọ Fídíò Pọ̀ Láti Da Kásẹ́ẹ̀tì àti DVD Kọ

Ẹni tó kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìgbéyàwó rẹ̀ sínú àpótí, tó gbà pé ó ti wà ní ìpamọ́, kó tún un rò. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó di àwòrán mú sára téèpù ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, gọ́ọ̀mù tó lẹ lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ ike téèpù ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ tó lè ka téèpù náà sì ti ń di àwátì. Ọdún 1976 ni JVC gbé VHS, irú kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó wọ́pọ̀ jù, jáde ní Jàpáánì. Oṣù Keje ọdún 2016 ni Funai, tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, dáwọ́ iṣẹ́ náà dúró. Èyí tó bá ṣì ń yí lọ́wọ́ yín, ẹ tètè lò ó.

Èrò tèmi ni pé inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ gbé ohun tó wà nínú téèpù lọ, kó di fáìlì. DVD ló ṣe ìkejì. Láti kásẹ́ẹ̀tì sí kásẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, ibì kan náà ni iṣẹ́ yìí ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́: wáyà wo ló ń ti ibo lọ síbo?

Ẹnu àti etí ẹ̀rọ

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín. Ẹ ó rí i pé wọ́n kọ OUT sí àwọn ihò kan, wọ́n sì kọ IN sí àwọn mìíràn. OUT ni ẹnu ẹ̀rọ, IN ni etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fẹ́ dà kọ wà nínú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ lẹ máa lò. Ẹ̀rọ tó máa gbà á sílẹ̀ ló ń gbọ́, etí rẹ̀ lẹ máa lò. Bí ẹ bá so ẹnu mọ́ ẹnu, tàbí etí mọ́ etí, ẹ̀rọ kankan kò ní bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Ibo wá ni tẹlifíṣọ̀n wọ̀ sí? Ẹ̀yìn pátápátá ni. Ẹnu ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lọ sí etí ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀ lọ sí etí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń so àwọn ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n wá máa retí pé ohun tó bá hàn lójú tẹlifíṣọ̀n ló ń wọnú rẹ́kọ́dà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá wà lẹ́yìn rẹ́kọ́dà, ohun tí ẹ ń wò gan-an ni ohun tí rẹ́kọ́dà ń gbà. Bí ojú tẹlifíṣọ̀n bá ṣókùnkùn, ẹ ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò sí ohun tó ń wọlé, ẹ kò ní dúró wákàtí méjì kí ẹ tó mọ̀.

Ohun tó kàn ni kí ẹ sọ fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ irú etí tó máa fi gbọ́. Ẹ̀rọ kan lè ní etí méjì tàbí mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú lábẹ́ ìdérí kékeré kan. L1, L2, L3 ni wọ́n máa ń pè wọ́n, tàbí AV1, AV2, tàbí LINE IN. Ẹ kà á lára ihò tí ẹ ki wáyà bọ̀, kí ẹ wá tẹ INPUT lórí rìmóòtù títí orúkọ yẹn gan-an á fi hàn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò ní bọ́tìnì INPUT, ṣe lẹ máa tẹ bọ́tìnì ìkànnì wálẹ̀ kọjá ìkànnì tó kéré jù, L1 á sì yọ. Wáyà lè pé pérépéré, kí ẹ̀rọ ṣì máa retí nǹkan láti inú éríà. Ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nígbàkigbà tí ojú tẹlifíṣọ̀n bá dúdú.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ kan yí padà wá sí etí òun fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ látinú tẹlifíṣọ̀n tàbí látinú ẹ̀rọ ohùn. Àwòrán á máa wọnú ara rẹ̀ lọ láìlópin, ohùn á sì máa han gooro.

Wáyà tó yẹ kí ẹ lò

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wáyà olórí mẹ́ta: ìyeyè fún àwòrán, funfun fún ohùn apá òsì, pupa fún ohùn apá ọ̀tún. Ìyeyè sí ìyeyè, funfun sí funfun, pupa sí pupa. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti ohùn kan ṣoṣo, ihò ohùn kan péré ló máa ní. Ẹ ra orí wáyà tó ń pín ọ̀kan sí méjì kí ohùn lè wọ apá méjèèjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí kan ni ẹ ó máa fi gbọ́ fídíò náà títí ayé.

Bí ẹ bá rí ihò kékeré roboto tó ní ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin nínú ẹ̀rọ méjèèjì, S-Video nìyẹn, ẹ gbé wáyà ìyeyè sílẹ̀ kí ẹ lò ó. Lára téèpù VHS, ọ̀tọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àwòrán, ọ̀tọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀. Wáyà ìyeyè máa ń pò wọ́n pọ̀, ẹ̀rọ kejì á tún máa gbìyànjú láti yà wọ́n, níbẹ̀ sì ni àwọ̀ ti máa ń ta sí ara wọn lẹ́bàá ìlà. S-Video kò pò wọ́n rárá. Kò gbé ohùn o, nítorí náà wáyà funfun àti pupa ṣì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ S-VHS, irú VHS tó dára sí i tó dé ní ọdún 1987, àti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Hi8 ní in. Ẹ̀rọ VHS lásán kì í sábà ní in.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Yúróòpù lè jẹ́ ihò SCART gbọọrọ ló ní, tó ní ojú mọ́kànlélógún. Àdápútà wà tó ń sọ SCART di ìyeyè, funfun àti pupa. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà á: èyí tó ní bọ́tìnì kékeré IN/OUT lára ni kí ẹ mú. Bí àdápútà náà bá wà lára ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, OUT ni bọ́tìnì gbọ́dọ̀ wà. Mélòó mélòó nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ti kú ló jẹ́ pé IN ni bọ́tìnì yẹn wà!

Wáyà aláwọ̀ ewé, búlúù àti pupa ni component. Àwòrán nìkan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé, pupa rẹ̀ kì í ṣe pupa ti ohùn. Bí ẹ bá so ihò aláwọ̀ ewé mọ́ ihò ìyeyè, àwòrán dúdú-àti-funfun lẹ máa rí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alápapọ̀ tó ní VHS àti DVD nínú, ẹ̀gbẹ́ DVD nìkan ló ń gba ẹnu component àti S-Video jáde. Ẹnu ìyeyè ni kásẹ́ẹ̀tì ń gbà. Bí DVD bá ń hàn tí kásẹ́ẹ̀tì kò hàn, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ẹnu tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ so.

Wáyà éríà ni kí ẹ lò bí kò bá sí òmíràn rárá. Ó ń pò àwòrán àti ohùn pọ̀ sórí ìkànnì kan, àwòrán máa ń ṣú, ohùn sì sábà máa ń di ọ̀kan ṣoṣo. Irú wáyà yòówù kó jẹ́, èyí tó kúrú dára ju èyí tó gùn, ẹ má sì jẹ́ kó bá wáyà iná rìn pọ̀.

PAL, NTSC tàbí SECAM

Kásẹ́ẹ̀tì VHS jọra wọn níta káàkiri ayé, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi gbé àwòrán sínú wọn kò jọra, mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀. NTSC, tí Amẹ́ríkà àti Jàpáánì lò, ní ìlà 525 àti fírémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) 29.97 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. PAL, tí púpọ̀ nínú Yúróòpù àti Áfíríkà lò, ní ìlà 625 àti fírémù 25. SECAM ti Faransé bá PAL dọ́gba ní ìlà àti fírémù, ọ̀nà tó ń gbà gbé àwọ̀ ló yàtọ̀. Bí ẹbí yín bá fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí àwòrán rẹ̀ ń yí lọ sókè láìdúró tàbí tó jẹ́ dúdú-àti-funfun, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ fura sí nìyí. Ẹ wá ẹ̀rọ tó lè ka irú téèpù bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì rí i pé rẹ́kọ́dà tàbí kọ̀ǹpútà wà lórí irú kan náà.

Kí téèpù tó wọnú ẹ̀rọ

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé ìlẹ̀kùn ike rẹ̀ sókè, kí ẹ yẹ téèpù wò nínú ìmọ́lẹ̀. Ẹ wò ó láti ojú fèrèsé rẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí eruku lára téèpù tó wé, èbu ni. Ẹ má ki í bọ ẹ̀rọ! Èbu náà á lẹ̀ mọ́ hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn apá tó ń ka téèpù nínú ẹ̀rọ, á sì ran gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó bá tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí a máa ń lẹ àkọlé mọ́ lára kásẹ́ẹ̀tì. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà ní igun rẹ̀ lápá òsì. Bí ike yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ lè gba nǹkan mìíràn lé orí fídíò yín. Ẹ ṣẹ́ ẹ kúrò. Lára kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà bíi Video8, Hi8 àti MiniDV, ìlẹ̀kùn kékeré ni, ẹ kàn sún un. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fo ibí yìí, torí PLAY nìkan ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí rìmóòtù méjì bá wà lọ́wọ́ èèyàn, REC kò jìnnà sí PLAY.

Ẹ yí téèpù tó ti pẹ́ tí ẹ ti lò kẹ́yìn lọ dé òpin, kí ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó lè wé dọ́gba. Bó bá jẹ́ ibi tútù ni ẹ ti gbé e wá sí ibi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí bíi mélòó kan, kí ìrì tó bá sẹ̀ sí i lára gbẹ.

Ó ku ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Agolo irin kan ló gbé hẹ́ẹ̀dì nínú ẹ̀rọ VHS, ìgbà 1,800 ló sì ń yí ní ìṣẹ́jú kan fún NTSC, 1,500 fún PAL. Hẹ́ẹ̀dì náà kéré púpọ̀, ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti sọ àwòrán di yìnyín, ìyẹn àwọn tótótó funfun tó ń bo ojú àwòrán. Bí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe yìnyín, hẹ́ẹ̀dì ló dọ̀tí. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kásẹ́ẹ̀tì náà ni. Kásẹ́ẹ̀tì ìfọ-hẹ́ẹ̀dì ló rọrùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí ẹ̀rọ kó yọ ọ́ kúrò lára iná ná, kó fi ọtí isopropyl rin awọ rírọ̀ tí kì í tú fọ́nrán, kó gbé awọ náà lé ara agolo láìmì ín, kó wá fi ọwọ́ kejì rọra yí agolo náà. Ẹ má fi awọ náà fà lọ sókè sílẹ̀ láé, hẹ́ẹ̀dì á ṣẹ́. Òwú tí a fi ń nu etí kò dára fún iṣẹ́ yìí, torí fọ́nrán rẹ̀ máa ń há sára hẹ́ẹ̀dì. Ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí iná ti ń wọlé nínú ẹ̀rọ, torí iná lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pulọ́ọ̀gì.

Láti kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà

Ohun tí ẹ nílò ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ihò ìyeyè, funfun, pupa àti S-Video lápá kan, tó sì ní orí USB lápá kejì. Etí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ rí i pé dráífà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, wà fún irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ní kí ẹ tó sanwó. Àwọn àpótí kékeré tó ń sọ ìyeyè di HDMI wà lọ́jà, mi ò fẹ́ràn wọn: wọ́n sábà máa ń na àwòrán gbọọrọ, wọ́n sì máa ń da àwọn ìlà rẹ̀ rú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ ṣírò àyè tó máa gbà. Fáìlì MPEG-2 tó ń lo mẹ́gábíìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa gba nǹkan bíi 2.7 GB fún wákàtí kan. Fáìlì DV, tó ń lo mẹ́gábíìtì 25 fún àwòrán nìkan, máa gba nǹkan bíi 13 GB pẹ̀lú ohùn rẹ̀.

OBS Studio, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba fídíò sílẹ̀, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux.

1. Ẹ so ẹnu ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀rọ USB, kí ẹ ki USB bọ ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ara ẹ̀rọ tó ń pín USB sí púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí iná.

2. Nínú OBS, ẹ fi Video Capture Device kún Sources, kí ẹ yan ẹ̀rọ náà. Ẹ yan 720×576 fún PAL, 720×480 fún NTSC. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa yan ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní Composite, tàbí S-Video.

3. Nínú Settings, lábẹ́ Video, ẹ fi ìwọ̀n ojú àwòrán sí 768×576 fún PAL tàbí 640×480 fún NTSC, kí ẹ sì na àwòrán náà kó kún un. Ìwọ̀n 4:3 nìyẹn, òun ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ fídíò àtijọ́. Ẹ má fà á kó kún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ á sanra lójijì.

4. Fírémù kọ̀ọ̀kan lára téèpù jẹ́ ìlàjì méjì: ọ̀kan gbé ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìkejì gbé àwọn ìlà tó wà láàárín wọn, àkókò tí wọ́n yà wọ́n kò sì pa pọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á máa yọ létí ohunkóhun tó bá ń rìn. Ẹ tẹ àwòrán náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, kí ẹ lọ sí Deinterlacing, kí ẹ yan Yadif 2x, kí ẹ wá fi iye fírémù sí 50 fún PAL tàbí 59.94 fún NTSC. Ìrìn àwọn èèyàn inú fídíò á máa ṣàn bó ṣe ń ṣàn lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti 25 lásán pọ̀ ju bí ẹ ṣe lè rò lọ, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń jó.

5. Ẹ wo ìwọ̀n ohùn. Ibi tí ohùn bá ti pariwo jù, kó dé ìyeyè, kó má wọ pupa. Ohùn tó bá ti fọ́ nígbà tí ẹ ń gbà á sílẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́, èyí tó lọ sílẹ̀ ṣeé gbé sókè.

6. Ẹ yan MKV fún fáìlì tí ẹ ń gbà sílẹ̀, kì í ṣe MP4. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ohun tí MKV ti gbà ṣì máa ṣeé wò. MP4 lè má ṣí rárá. Nígbà tí ẹ bá parí, Remux Recordings tó wà lábẹ́ File á sọ ọ́ di MP4 láìdín nǹkan kan kù nínú rẹ̀.

7. Ẹ gba ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta péré sílẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ dá a dúró, kí ẹ wò ó. Ṣé ohùn wà? Ṣé ó wà lápá méjèèjì? Ṣé ẹnu àti ọ̀rọ̀ bá ara wọn mu? Ẹ má fo èyí.

8. Ẹ dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ Start Recording, kí ẹ tó tẹ PLAY; èyí tó bá ṣófo níwájú, ẹ máa gé e dànù tó bá yá. Ẹ pa oorun kọ̀ǹpútà, kí ẹ dá ìmúdójúìwọ̀n dúró, kí ẹ sì fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó ṣe iṣẹ́ kan yẹn. Wákàtí kan téèpù ni wákàtí kan iṣẹ́, kò sí ọ̀nà àbùjá.

Ohun méjì kan wà nínú àkójọ ètò (menu) ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó yẹ kí ẹ pa. Àkọ́kọ́ ni ojú búlúù tí ẹ̀rọ ń gbé jáde nígbà tí àwòrán bá rẹ̀wẹ̀sì. Níbi tí téèpù bá ti gbó, ojú búlúù yẹn á máa bo àwòrán tó ṣeé wò. Ìkejì ni àkọlé PLAY àti iye ìṣẹ́jú tó máa ń yọ lójú àwòrán, torí ó máa wọnú fáìlì yín.

Bí àwòrán bá ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí kọ̀ǹpútà ń sọ fírémù nù, ẹ kọ́kọ́ fi bọ́tìnì TRACKING tún un ṣe. Bí kò bá gbọ́, rẹ́kọ́dà DVD lè ràn yín lọ́wọ́: ẹ so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ etí rẹ́kọ́dà náà, kí ẹ wá so ẹnu rẹ́kọ́dà mọ́ ẹ̀rọ USB. Ẹ má tẹ REC lórí rẹ̀. Àwọn kan lára wọn máa ń tò àwòrán náà dáadáa bó ṣe ń gba inú wọn kọjá.

Láti kásẹ́ẹ̀tì sórí DVD

Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, rẹ́kọ́dà DVD ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀ tàbí àmì tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá DVD-R, DVD+R, RW tàbí RAM ló ń gbà. Dísìkì oníhà kan gba 4.7 GB. Lórí XP, ìyẹn ìwọ̀n ìgbàsílẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ dára jù, wákàtí kan ló gbà. Lórí SP, méjì. Lórí LP, mẹ́rin. Lórí EP, mẹ́fà. Ẹ má kọjá SP. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni láti kó kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta sórí dísìkì kan, ṣùgbọ́n yìnyín inú téèpù àtijọ́ máa ń jẹ àyè gan-an, lórí LP gbogbo rẹ̀ á di onígun mẹ́rin kéékèèké nígbà tí ẹnikẹ́ni bá mira. Ẹ pín in sí dísìkì méjì.

Ẹ so ó bí a ṣe sọ lókè, ẹ yan L1 tàbí L2, ẹ fi dísìkì sí i. Ẹ tẹ REC kí ẹ sì tẹ PAUSE tẹ̀ lé e, kí ẹ tẹ PLAY lórí kásẹ́ẹ̀tì, bí àwòrán bá ti yọ kí ẹ tú PAUSE sílẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹ tẹ STOP lórí rẹ́kọ́dà, kí ẹ wá lọ sí àkójọ rẹ̀ kí ẹ yan FINALIZE.

FINALIZE yìí ló ń sọ dísìkì di ohun tí ẹ̀rọ mìíràn lè kà. Láìṣe é, inú rẹ́kọ́dà tó gbà á sílẹ̀ nìkan ló máa ti ṣiṣẹ́, bí rẹ́kọ́dà yẹn bá sì kú lọ́la, wàhálà dé. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má pa iná nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò lè fi nǹkan kún DVD-R mọ́.

Láti kásẹ́ẹ̀tì sí kásẹ́ẹ̀tì, ìsopọ̀ kan náà ni, SP ni kí ẹ lò, kí téèpù tó ń gbà á sì jẹ́ tuntun. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀dà máa burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀dà ẹ̀dà á sì tún burú jù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń da fíìmù tí wọ́n tà lọ́jà kọ, tí àwòrán ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣókùnkùn lemọ́lemọ́, wáyà yín kò bàjẹ́. Macrovision ni, ìdènà tí àwọn tó ni fíìmù fi síbẹ̀ kí wọ́n má bàa dà á kọ. Fídíò tí ẹ̀yin tàbí ẹbí yín yà ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà

VHS-C, kásẹ́ẹ̀tì kékeré ti kámẹ́rà, wọnú ẹ̀rọ VHS bí ẹ bá fi sínú àpò ike tí wọ́n ṣe fún un. Video8 àti Hi8 kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lẹ máa so. Ẹ lo iná ilé, ẹ má lo bátìrì, kó má bàa kú láàárín. Wáyà kékeré tó ń jáde lára kámẹ́rà sí ìyeyè, funfun àti pupa máa ń yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo níbi ohùn tí ojú àwòrán sì ṣófo, ẹ gbìyànjú orí pupa nínú ihò ìyeyè kí ẹ tó sọ pé kámẹ́rà ti kú.

MiniDV, tó dé ní ọdún 1995, yàtọ̀ sí gbogbo wọn: nọ́ńbà (digital) ni wọ́n fi gbé àwòrán sára téèpù rẹ̀. Wáyà FireWire ni kí ẹ fi gbé e lọ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà náà á sì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba láìyẹ̀. Ihò USB tó wà lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yẹn, fọ́tò nìkan tàbí fídíò tí kò já mọ́ nǹkan ló ń gbé. Kọ̀ǹpútà tuntun kì í ní FireWire, nítorí náà kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ ti jù sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lè wá wúlò.

Láti DVD sí DVD

Níbí yìí, ẹ kó wáyà dànù. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ DVD mọ́ rẹ́kọ́dà DVD pẹ̀lú wáyà ìyeyè, ẹ ti ba ohun tó dára jẹ́ lásán. Ẹ fi dísìkì ilé yín sínú kọ̀ǹpútà tó ní ihò DVD. Ẹ máa rí fóldà VIDEO_TS. Ẹ kó gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣa VOB, àwọn fáìlì tó gbé fídíò, nìkan nínú rẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ sọ odindi dísìkì di fáìlì ISO kan, pẹ̀lú ImgBurn lórí Windows tàbí Disk Utility lórí Mac, kí ẹ wá jó o (burn) sórí dísìkì òfìfo. Ẹ má fi eré tó yá jù jó o, kí ẹ sì jẹ́ kó yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tó bá parí. Bó bá jẹ́ MP4 lẹ fẹ́, ètò HandBrake á ṣe é.

Dísìkì tó dọ̀tí, ẹ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yíká. Bí kọ̀ǹpútà bá ní dísìkì náà ṣófo tí ẹ sì mọ̀ pé fídíò wà lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì ṣe FINALIZE. Ẹ dá a padà sínú rẹ́kọ́dà tó gbà á sílẹ̀. Bí rẹ́kọ́dà náà kò bá sí mọ́, ètò IsoBuster lè ka irú dísìkì bẹ́ẹ̀.

Bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Ohùn wà, àwòrán kò sí: orí ìyeyè ti yọ, tàbí S-Video lẹ yàn nígbà tó jẹ́ pé ìyeyè lẹ so. Ohùn ń kùn mmm láìdákẹ́: ẹ ki gbogbo ẹ̀rọ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì alápapọ̀ kan náà, kí ẹ sì yọ wáyà éríà. Ẹnu kò bá ọ̀rọ̀ mu, tó sì ń burú sí i bí fídíò ṣe ń lọ: kọ̀ǹpútà ń sọ fírémù nù, ẹ pa àwọn ètò mìíràn. Ìlà tó ń gbọ̀n nísàlẹ̀ àwòrán kì í ṣe àìsàn. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, etí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ń bò ó. Ẹ lè gé e, ẹ sì lè fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ fi ọdún ṣáájú orúkọ fáìlì, bíi 1994-08-ìgbéyàwó, kí wọ́n lè tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Báírò kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ nǹkan sórí DVD, péènì onírun rírọ̀ ni. Ẹ má sì lẹ bébà mọ́ ọn, kò ní yí dọ́gba mọ́. Ẹ pa dísìkì mọ́ kúrò nínú oòrùn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba aró inú DVD-R jẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ẹ má jù ú nù. Ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e dúró ní òró níbi tó gbẹ tí kò gbóná, kó jìnnà sí spíkà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ iwájú, òun ni ẹ máa tún padà sí, kì í ṣe fáìlì.